Ẹ Má Tíì Wá sí Akra, Ìyá Mi

Òkè-Àgbò, Ìjẹ̀bú-Igbó
9 Fẹ́búárì, 1958

Zechariah Àdìó, ọmọ mi,

Mo kí ọ, mo kí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ, mo kí àwọn tí ẹ jọ ń gbé ilé. Ọyẹ́ ti ń ká kúrò lọ́dọ̀ wa. Ara mi le, àfi orúnkún tó ń ro mí bí mo bá kúnlẹ̀ pẹ́.

Wo ìwé yìí dáadáa. Èmi fúnra mi ni mo kọ ọ́. Kì í ṣe Olùkọ́ ìjọ wa ló bá mi kọ ọ́ bíi ti àtẹ̀yìnwá. Ọdún kan ààbọ̀ ni mo fi ń lọ sí kíláàsì àwọn àgbà ní ìrọ̀lẹ́, tí àwọn kan ń fi mí ṣẹ̀sín pé kí ni arúgbó fẹ́ fi ìwé ṣe. Mo mọ ohun tí mo fẹ́ fi ṣe. Gbogbo ìwé tí o ti kọ sí mi láti ọdún mẹ́fà tí o ti dé Akra ni mo kó jáde nínú àpótí, mo sì ń kà wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan. Mo wá rí i pé Olùkọ́ máa ń fo ọ̀rọ̀. Gbogbo ibi tí o ti ń ròyìn òkun ni ó fò. Ó sọ fún mi pé o wà ní àlàáfíà, ó tán.

Nítorí náà, mo ti pinnu. Mo ń bọ̀ ní Akra lẹ́yìn Ọdún Àjíǹde. Ní Ìwópin tí wọ́n bí mi sí, ọ̀sà ni mo mọ̀, èèyàn sì lè rí igi tó wà ní òdìkejì rẹ̀. Mo fẹ́ rí omi tí kò ní òdìkejì kí n tó kú. Mo fẹ́ rí ilé iná tó ń fọ̀nà han ọkọ̀, àti ààfin funfun tí o sọ pé ìgbì ń lu ẹsẹ̀ rẹ̀. Ṣètò bí a ó ṣe máa rìn ín.

Ọ̀rọ̀ kan ló kù. Ní oṣù Júùnù yìí ni yóò pé ọdún mẹ́ta tí Bùsúyì ẹ̀gbọ́n rẹ ti fi wá sílẹ̀. O kọ ọ́ nígbà náà pé ibà ló pa á, pé ẹ sin ín síbi tí afẹ́fẹ́ òkun ti ń fẹ́, àti pé ìjọ kọ orin tẹ̀lé e. Mo fẹ́ jókòó ti ibojì rẹ̀. Rùfáì bíríkìlà, ọmọ Àwà tó jẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀, ní òun yóò fi sìmẹ́ńtì ṣe òkúta kan, òun yóò sì kọ orúkọ rẹ̀ sí i. Sọ fún mi bí ibojì náà ṣe gùn tó, kí òkúta má baà tóbi jù.

Èmi ni ìyá rẹ,
Sarah Ọláníkẹ́


Akra
4 Máàṣì, 1958

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú ilé, ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ kú ìfaradà orúnkún. Ìwé yín dé ọwọ́ mi ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo kà á, nítorí pé ọwọ́ yín ni. Mo fi han àwọn tí a jọ ń ṣiṣẹ́, wọn ò gbà pé ẹni tó ti lé ní ọgọ́ta ọdún ló ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ́ ọ.

Bí ẹ bá ń bọ̀, ìdájí ni kí ẹ wọ lọ́rì ní Èkó. Ẹ ó gba Ìdí-Ìrókò, ẹ ó gba Kútọnù àti Lómẹ̀. Nígbà tí ẹ bá dé odò ńlá kan tí wọ́n ń pè ní Fóòtà, gbogbo èrò á sọ̀kalẹ̀, wọ́n á gbé lọ́rì sórí pọ́ńtù, ọkọ̀ pẹrẹsẹ tó ń gbé mọ́tò kọjá omi, ẹ ó sì jọ sọdá. Ẹ má bẹ̀rù, ó dúró dáadáa ju afárá igi lọ. Ìwé ìrìnnà yín ni kí ẹ fi sí ibi tí ọwọ́ ti lè tètè tó o.

Mo ti pín ọjọ́ mẹ́fà fún yín. Ní ọjọ́ kìíní ẹ ó sinmi. Ní ọjọ́ kejì a ó lọ sí ilé iná ní Jémísì Táòn. Mo mọ ẹni tó ń tọ́jú rẹ̀, á jẹ́ ká gun àtẹ̀gùn rẹ̀ dé òkè pátápátá. Ọjọ́ kẹta, ààfin. Wọn kì í jẹ́ kí èèyàn wọlé, àmọ́ láti ìta ẹ ó rí i bó ṣe funfun lórí àpáta, àti àwọn ìbọn ńlá àtijọ́ tí wọ́n kọjú sí òkun. Ọjọ́ kẹrin, ọjà Màkólà. Ọjọ́bọ̀ ló máa bọ́ sí, a ó sì jẹ kẹ́ńkè pẹ̀lú ẹja díndín láàárọ̀. Ẹ̀kọ líle ni, inú ewé àgbàdo ni wọ́n ń pọ́n ọn sí. Ọjọ́ karùn-ún, Lábádì, níbi tí àgbọn tò sí lẹ́bàá iyanrìn, tí àwọn apẹja ń fa àwọ̀n wọn wá sí gbẹrẹfu. Ẹja tó ń bọ̀ níbẹ̀ pọ̀ ju ohun tí ẹ lè rò lọ. Ọjọ́ kẹfà, ẹ ó ra ohun tí ẹ bá fẹ́ mú relé.

Ẹ bá mi kí gbogbo agbo ilé.

Ọmọ yín,
Zechariah


Òkè-Àgbò
28 Máàṣì, 1958

Àdìó,

Ẹ̀mí wa ṣì ń bẹ, ọpẹ́ ni. Ọ̀gbẹlẹ̀ ti mú omi kànga dé ibi ẹrẹ̀.

Mo ka ìwé rẹ fún àwọn ìyá ìjọ lẹ́yìn ìsìn. Wọ́n hó yèè nígbà tí mo dé ibi àtẹ̀gùn ilé iná. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo délé, mo tún un kà lémi nìkan. Ọjọ́ mẹ́fà lo pín fún mi. O mọ ohun tí a ó jẹ ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀. O kò dárúkọ ẹ̀gbọ́n rẹ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Mo bi ọ́ bí ibojì ṣe gùn tó, o dá mi lóhùn pé ẹja pọ̀ ní Lábádì.

Ṣé o ti pa ibojì náà tì ni? Ṣé igbó ti bò ó? Bó bá jẹ́ bẹ́ẹ̀, sọ ọ́, n kò ní pariwo. N ó mú àdá mi wá. Láti kékeré ni mo ti ń ṣán oko, kò sì sí ìtìjú nínú kí ìyá ro àyíká ibi tí ọmọ rẹ̀ sùn sí.

Mo tún fẹ́ bi ọ́ ní nǹkan mìíràn. Nínú ìwé tí o kọ ní 1953, o ròyìn àwọn ọkọ̀ pátákó tí àwọn ará Gáà, ìyẹn àwọn onílẹ̀ Akra, ń fi àjẹ̀ wà lọ bá ọkọ̀ òkun lójú agbami, tí wọ́n ń kọrin bí wọ́n ṣe ń wà á. O ní iṣẹ́ tí ìwọ àti Bùsúyì ń ṣe nìyẹn, pé ẹ̀yin lẹ ń bá wọn lọ ka ẹrù. O ní bí mo bá wá, ohun tí o máa kọ́kọ́ fi hàn mí nìyẹn. Kò sí nínú ètò rẹ báyìí. Ṣé wọn kò wà mọ́ ni?

Rùfáì ti parí òkúta náà. BÙSÚYÌ ni ó kọ sí i, lẹ́tà rẹ̀ gún régé. Ó sọ fún mi pé, “Ìyá, ẹ̀yin ẹ sọ fún Zechariah kó kàn wa ilẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀ dé ìgúnpá, òkúta á dúró.”

Mo ń retí èsì.

Ìyá rẹ


Akra
20 Éprìlì, 1958

Ìyá mi,

Ẹ kú ọdún o. Mo bẹ̀ yín, ẹ má tíì wá. Òjò ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ níhìn-ín, ọ̀nà Fóòtà kì í sì dára nígbà òjò. Wọ́n tún ń yọ èèyàn lẹ́nu ní ẹnu-bodè. Yàrá mi kéré, ikọ́ sì ń ṣe mí. Ẹ jẹ́ kó di ọdún tó ń bọ̀, nígbà tí nǹkan bá tòrò.

Ẹ má jẹ́ kí Rùfáì gbé òkúta náà sọ́kọ̀. Ó wúwo jù fún ọ̀nà jíjìn.

Ọmọ yín,
Zechariah


Òkè-Àgbò
11 Mée, 1958

Zechariah,

Mo ti di ẹrù mi kí ìwé rẹ tó dé. Mo ti tú u. Mo fẹ́ mọ ohun tí mo fi ṣẹ̀ ọ́ tí o kò fi fẹ́ kí n dé ibi ibojì ọmọ mi. Ìbéèrè kan péré nìyẹn. Dá mi lóhùn.

Ìyá rẹ


Òkè-Àgbò
22 Júùnù, 1958

Zechariah,

Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ti kọjá, o kò dá mi lóhùn.

Mo ní kí n sọ ohun tí mo ṣe fún ọ, kí o má baà gbọ́ ọ lẹ́nu ẹlòmíràn. Mùbàṣírù, ọmọ Àgọ́-Ìwòyè tó ń ta obì dé ọ̀dọ̀ yín, ni mo bẹ̀ pé kó bá mi wo ibojì náà. Ó wálé nítorí Iléyá, mo sì rìn lọ bá a. Ó gbé àga fún mi. Ó wá ní, “Ìyá, mo lọ síbi tí wọ́n ń sin àwọn ará ìjọ sí. Ẹni tó ń ṣọ́ ibẹ̀ ṣí ìwé orúkọ, a wo gbogbo ọdún náà. Kò sí Bùsúyì níbẹ̀.”

Mo ní, “Àwọn ará wa tí wọ́n wà níbẹ̀ ńkọ́? Wọn kò rántí ìsìnkú rẹ̀?”

Ó ní, “Nígbà tí mo bi wọ́n, wọ́n wo ojú ara wọn. Wọ́n ní kí n lọ bi àbúrò rẹ̀.”

Láti ọjọ́ yẹn ni ọkàn mi kò ti gbé ibì kan. Ẹni tí kò ní ibojì, ó lè jẹ́ pé kò kú. Mo gbé e lọ sínú àdúrà ní ìjọ wa. Wòlíì ní òun rí ọkùnrin kan tó ń rìn lẹ́bàá omi, pé ojú rẹ̀ kọ sí ilé. Gbogbo ìjọ ṣe àmín. Mo ti kó aṣọ Bùsúyì jáde nínú àpótí. Mo ti fọ̀ wọ́n, mo sì ti sá wọn.

Sọ fún mi, ọmọ mi. Ṣé ẹ̀wọ̀n ni ó wà? Ṣé ó ṣe ohun ìtìjú kan tí ẹ̀yin méjèèjì fi pinnu pé kí n máa rò pé ó ti kú? Bó bá ya wèrè tó ń rìn nígboro, mo fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀. Bó bá jẹ́ pé ó kàn kọ̀ wá sílẹ̀ ni, mo ti dárí jì í. Ṣáà sọ pé ó wà láàyè.

Ìyá yín


Akra
13 Júláì, 1958

Ìyá mi,

Ẹ ká àwọn aṣọ náà kúrò lórí okùn. Bùsúyì ò sí láàyè.

Kì í ṣe ibà ló pa á. Òkun ló gbé e. A ò rí òkú rẹ̀ títí di òní, ìdí nìyẹn tí kò fi sí ibojì. Irọ́ ni mo pa fún yín.

Ọjọ́ kan èmi, ọjọ́ kan òun, bẹ́ẹ̀ la ṣe ń bá ọkọ̀ pátákó lọ ka ẹrù. Ní 17 Júùnù, 1955, èmi ló kàn. Òkun ń ru láàárọ̀ ọjọ́ náà, a ń gbọ́ ọ láti inú yàrá wa. Ẹ̀rù bà mí. Mo di inú mú, mo ní ó ń run mí. Bùsúyì wò mí, ó mọ̀ pé irọ́ ni. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, “Dùbúlẹ̀ síbẹ̀, ojo. Ìwọ lo máa sebẹ̀ kí n tó dé.” Ó mú ìwé tí mo fi ń ka ẹrù, ó jáde.

Mo se ọbẹ̀ náà. Ó ti tutù kí wọ́n tó wá pè mí.

Bí wọ́n ṣe ń padà bọ̀ ni ìgbì dojú ọkọ̀ dé. Mẹ́tàlá ni wọ́n, mọ́kànlá wẹ̀ jáde. Bùsúyì àti ọ̀dọ́mọkùnrin kan lára àwọn tó ń wa ọkọ̀, Tẹ́tẹ̀ lorúkọ rẹ̀, ọmọ Gáà, ni a ò rí. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni mo fi rìn létí òkun, mo gba Lábádì, mo gba Téṣì, mo dé Níńgúà, mo ń bi àwọn apẹja léèrè. Gbogbo ohun tí omi bá tì sétí ni mo ń yí wò, igi, àpò, ẹja ńlá tó ti kú.

Ní ọjọ́ kẹwàá ni mo jókòó láti kọ̀wé sí yín. Mo kọ òtítọ́ dé ìdajì. Mo wá rò ó pé Olùkọ́ ni yóò kà á sókè lójú gbogbo agbo ilé, pé ẹ ó sì máa rò ó pé ó ń léfòó kiri. Mo ya ìwé náà. Mo fẹ́ kí ẹ ní ibì kan tí ẹ ó máa rò ó sí. Nítorí náà, inú ìwé ni mo sin ín sí. Èmi ni mo gbẹ́ ilẹ̀, èmi ni mo kọrin, kò sí ẹlòmíràn níbẹ̀.

Ìyá Tẹ́tẹ̀ ń gbé nítòsí ilé iná, ó ń yan ẹja tà. Láti ọdún mẹ́ta, mi ò tíì lè gba iwájú ilé rẹ̀ kọjá.

Zechariah


Òkè-Àgbò
5 Òkítóbà, 1958

Zechariah,

Láti ìgbà tí ìwé rẹ ti dé ni mo ti ń mú kálámù, tí mo ń gbé e sílẹ̀.

Ìwé ikú ẹ̀gbọ́n rẹ ti àkọ́kọ́, Olùkọ́ ló kà á sí mi létí, àwọn èèyàn sì wà lọ́tùn-ún lósì tí wọ́n dì mí mú. Ti ẹ̀ẹ̀kejì yìí, èmi nìkan ni mo kà á, lẹ́yìn ilé. Kò sí ẹni tó dì mí mú. Mo bú ọjọ́ tí mo wọ kíláàsì náà.

Pé ẹ̀rù òkun bà ọ́, n kò bínú sí ọ lórí ìyẹn. Bí mo bá wà nínú yàrá náà, ẹ̀yin méjèèjì ni n bá tìlẹ̀kùn mọ́. Ṣùgbọ́n ọdún mẹ́ta gbáko ni mo fi ń kọjú sí ìwọ̀-oòrùn ní gbogbo àárọ̀ Ọjọ́ Àìkú, tí mo ń bá ibojì sọ̀rọ̀. Mo ń ròyìn ilé fún un. Mo sọ fún un nígbà tí òrùlé wa jò. Ta ni mo ń sọ ọ́ fún?

Mo ti dìde ní ìjọ, mo sọ òtítọ́ fún wọn. Wòlíì kò lè wò mí lójú. Òkúta tí Rùfáì ṣe kò ní bá mi wá síbì kankan.

Mo ń bọ̀ ní oṣù Nòfẹ́ńbà. Èmi àti Mùbàṣírù la jọ ń wọkọ̀. Má sọ ti òjò fún mi, má sì sọ ti ikọ́. Ètò ọjọ́ mẹ́fà tí o ṣe, fà á ya. N kò bá ọjà wá, n kò bá ààfin wá. Mú mi lọ síbi tí ọkọ̀ wọn ti ṣí. Lẹ́yìn náà, mú mi lọ sọ́dọ̀ ìyá Tẹ́tẹ̀.

Sarah Ọláníkẹ́


Akra
7 Dìsẹ́ńbà, 1958

Ìyá mi,

Mùbàṣírù ti padà dé, ó ní òun fi yín sílẹ̀ ní àlàáfíà. Ẹ kú ìrìn, ẹ kú àárẹ̀ ọ̀nà.

Ọjọ́ mẹ́fà lẹ lò lọ́dọ̀ mi. Bóyá ogún ọ̀rọ̀ lẹ bá mi sọ. “Ó tó.” “Níbo ni?” “Jẹun.” Mo ti lérò pé ẹ ó pariwo mọ́ mi, mo sì ti múra sílẹ̀ fún un. Ìdákẹ́ yẹn ni mi ò múra sílẹ̀ fún.

Nígbà tí a dé etí òkun, ẹ ní kí n dúró lókè. Ẹ̀yin nìkan lẹ sọ̀kalẹ̀ lọ láàárín àwọn ọkọ̀, ẹ wọ omi dé orúnkún. Mo rí i pé ẹnu yín ń mì, àmọ́ afẹ́fẹ́ ò jẹ́ kí n gbọ́. Mo ń ro ohun tí ẹ sọ níbẹ̀ lójoojúmọ́.

Mo tún ń ro ilé ìyá Tẹ́tẹ̀. Ẹ ò gbọ́ èdè rẹ̀, kò gbọ́ tiyín. Ẹ kàn jókòó tì í nídìí ààrò, ẹ sì bẹ̀rẹ̀ sí í bá a yí ẹja. Èmi tí mo gbọ́ èdè méjèèjì dúró bí igi, kò sẹ́ni tó ní kí n túmọ̀ nǹkan kan. Nígbà tó ṣe, ó nàka sí mi, ó bi yín ní nǹkan, ẹ sì mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni. Ṣé ẹ mọ ohun tó bi yín? Ó ní, “Ṣé èyí ló kù fún ọ?”

Ní ibùdókọ̀, mo bi yín bóyá ẹ ti dárí jì mí. Ẹ wọ lọ́rì. Mo sáré tẹ̀lé e dé oríta, ẹ ò bojú wẹ̀yìn. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ dá mi lóhùn, ì báà jẹ́ bẹ́ẹ̀ kọ́.

Ọmọ yín,
Zechariah


Òkè-Àgbò
18 Jánúárì, 1959

Àdìó,

Ọyẹ́ mú lọ́dún yìí, ètè gbogbo wa ti là. Mo délé láyọ̀. Orúnkún mi wú fún ọ̀sẹ̀ méjì, ó ti fà báyìí.

Ohun tí mo sọ nínú omi, n kò ní sọ ọ́ fún ọ. Bùsúyì ni mo sọ ọ́ fún.

Ọ̀rọ̀ ìyá Tẹ́tẹ̀, n kò gbọ́ ohun tó bi mí. Mo rò pé ó ń béèrè bóyá ọmọ mi ni ọ́ ni, mo sì ní bẹ́ẹ̀ ni. Máa gba iwájú ilé rẹ̀ kọjá. Máa dúró kí i. Ojú tó fi wò ọ́ fi hàn mí pé ó ti mọ̀ ọ́ láti ọjọ́ pípẹ́, ìwọ lo rò pé kò mọ̀ ọ́.

Ọjọ́ tó ṣáájú ọjọ́ tí mo lọ, mo ní kí o mú mi gun ilé iná. Inú rẹ dùn, o rò pé mo ti ń túra ká. Kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà tí mo ti ka ìwé rẹ ni mo ti ń sọ ọ́ nínú ara mi pé o kò wá ẹ̀gbọ́n rẹ dáadáa. Mo ní, ọjọ́ mẹ́sàn-án, kí ni ọjọ́ mẹ́sàn-án? Ìyá ìbá wá a fún ọdún kan. Nígbà tí mo dé òkè, mo wo iwájú, omi. Mo wo ọ̀tún, omi. O nàka sí ọ̀nà Lábádì fún mi, mo rí iyanrìn tó lọ títí tó fi di ìkùukùu, o sì ní Níńgúà ṣì wà níwájú ibi tí ojú mi mọ. Ẹsẹ̀ lo fi rìn ín. Ìgbà yẹn ni mo gbà pé o wá a. Ìdí nìyẹn tí mo fi ní ká sọ̀kalẹ̀.

Èsì ohun tí o bi mí ní ibùdókọ̀ nìyí. N kò tíì dárí jì ọ́. Mo ń wí i nínú àdúrà, ẹnu mi ń sọ ọ́, àyà mi kò tíì tẹ̀lé e. N kò lè purọ́ fún ọ. Irọ́ tó wà nínú ilé yìí ti tó.

Má kọ̀wé sí mi mọ́. Iṣẹ́ tí ìwé lè ṣe láàárín àwa méjèèjì ti tán. Gba ààyè lẹ́nu iṣẹ́ rẹ, kí o wálé kí Ọdún Àjíǹde tó kò. Bí o bá dé, má lọ kí ẹnikẹ́ni kí o tó rí mi. Wá jókòó níwájú mi, kí o fi ẹnu rẹ sọ ọ́ fún mi láti ìbẹ̀rẹ̀, kí n máa wo ojú rẹ bí o ṣe ń sọ ọ́. N kò mọ̀ bóyá n ó sunkún, n kò mọ̀ bóyá n ó nà ọ́. Ṣáà wá.

Ìyá rẹ ni mí síbẹ̀,
Sarah Ọláníkẹ́